Kẹ̀kẹ́ Tí Yóò Gbé Ìyá Àgbà

"Gùn ún ká wò ó," ni Mùkáílà oníkẹ̀kẹ́ wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá náà kúrò lára ògiri. "Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe aṣọ. Ojú kọ́ la fi ń rà á, ìdí la fi ń rà á."

Gbénró gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí irin àárín kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tó jókòó tán, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló fi ń tọ ilẹ̀, bí adìyẹ tó ń rìn lórí yanrìn gbígbóná. Kẹ̀kẹ́ náà ga, ó sì wúwo bí odó. Irú rẹ̀ ni àwọn alájàpá fi ń kó àpò ẹ̀gúsí láti abúlé wá sí Ìgbó-Ọrà. Ó gùn ún dé ìdí igi odán tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bó ṣe fẹ́ ṣẹ́rí padà báyìí, kẹ̀kẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀ ló kù kó gbé e ṣánlẹ̀.

Búrẹ́mọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá, rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ṣọ́ọ̀bù mú. "Dá a padà, jàre. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ yìí."

Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí ilẹ̀ wa. Kẹ̀kẹ́ kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá nígbà náà. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, òun ni wọ́n fi ń júwe àdúgbò rẹ̀. Gbénró ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà yanjú, ó sì ti rí iṣẹ́ tísà kékeré ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Ìdèrè. Láti Ìsàlẹ̀-Ọba, àdúgbò tí ilé wọn wà ní Ìgbó-Ọrà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn dé Ìdèrè yóò ti làágùn kí agogo ilé-ìwé tó lù. Ìdí nìyí tí bàbá rẹ̀, Zachariah, fi ní kí owó ẹ̀gúsí ọdún náà di kẹ̀kẹ́.

"Ìwọ ló máa gùn ún, ìwọ ni kí o yàn án," ni bàbá rẹ̀ sọ fún un. "Iṣẹ́ rẹ ló máa kọ́kọ́ bá ọ ṣe. Ṣùgbọ́n rántí o, ẹ̀gúsí tí a tà, gbogbo ilé ló jọ ro oko rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, yóò máa gbé ìyá rẹ lọ sọ́jà, yóò sì máa gbé àbúrò rẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò gbé ìyá àgbà lọ sí Ìdèrè."

Ìyá àgbà ni ìyá tó bí Zachariah. Ìbejì ni. Táíwò lorúkọ rẹ̀. Kẹ́hìndé, ẹnìkejì rẹ̀, lọ sílé ọkọ ní Ìdèrè nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní ọ̀dọ́, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí ara wọn, títí di ọdún tí sòbìyà yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Sòbìyà náà lọ, ṣùgbọ́n ó mú ẹsẹ̀ náà lọ. Ẹsẹ̀ gan, kò ṣé ká mọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í sábà gba ọ̀nà Ìdèrè, bó bá sì gbà á, orí àpò ẹrù ni èrò ń gùn lọ jókòó sí. Ẹsẹ̀ tí kò ṣé ká, báwo ni yóò ṣe gun orí àpò? Kẹ́hìndé náà ti dàgbà, kò lè fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà mọ́. Àwọn ìbejì tí wọ́n jọ gbé inú kan náà, ìkíni tí wọ́n ń fi rán èèyàn nìkan ló wá kù láàrin wọn.

Gbogbo èyí ni Gbénró mọ̀ nígbà tó dúró ní ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà lọ́jọ́ náà.

"Ó ku méjì," ni Mùkáílà wí. Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó ń dán bí ojú ológbò. Pupa ni. Ọwọ́ rẹ̀ ká bọ ìsàlẹ̀ bí ìwo àgbò, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, irin ara rẹ̀ kò sì ju ọmọ-ìka lọ. "Èyí ni kẹ̀kẹ́ eré. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ ni yóò máa bẹ̀ ọ́."

"Ìkejì ńkọ́?"

Mùkáílà wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì ti kẹ̀kẹ́ kan tó ní àwọ̀ ewé jáde. Ó ní òyìnbó obìnrin kan tó ń tọ́jú aláìsàn ló ni ín, kó tó padà sí ìlú rẹ̀. Kò ga, kò wúwo, kò sì tín-ín-rín. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ sí òkè, èèyàn á nàró lórí rẹ̀. Ó ní irin tó bo táyà kí ẹrẹ̀ má baà ta síni lára. Káríà gbàǹgbà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tó lè gba èèyàn jókòó. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: kò ní irin àárín. Irin ara rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀, kí aṣọ obìnrin lè ráàyè.

Gbénró gùn ún. Kò ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè rárá. Ó kàn wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ilé. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí odán, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó ṣẹ́rí padà lójú ibi tóóró kan, kẹ̀kẹ́ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ lanu sọ pé, "Èyí ni."

Àfi ẹ̀rín Búrẹ́mọ̀.

"Gbénró! Ṣé ìró lo máa ró gùn ún àbí yẹ̀rì? Jọ̀wọ́, rọra o, kí gèlè rẹ má tú!"

Àwọn èèyàn tó ń kọjá lọ bojú wẹ̀yìn. Hàlímọ̀, ọmọbìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ, dúró pẹ̀lú igbá lórí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ara Gbénró gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Èmi ò lè gbà kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ìlú," ló wí lábẹ́lẹ̀.

"Ẹnu ayé lẹbọ," ni Búrẹ́mọ̀ dáhùn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò, òun náà sì ní kẹ̀kẹ́ eré. "Mú pupa. Èmi àti ìwọ a jọ máa sá eré lọ sí Èrúwà."

Gbénró yíjú sí Mùkáílà. "Ṣé ẹ lè so káríà mọ́ pupa yìí?"

"Irin rẹ̀ ò gbà á," ni Mùkáílà dáhùn. "Bí mo bá so ó, tí ẹnì kan sì jókòó lé e, kẹ̀kẹ́ á dá sí méjì. N ò ní tan ọ́."

Gbénró gbọ́ ọ. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ pupa ló gùn lọ sílé.

Nígbà tó dé, ìyá rẹ̀, Àpèkẹ́, àti Olúwayẹ́misí, àbúrò rẹ̀, sáré jáde. Ìyá àgbà náà fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde wá. Ó fi ọwọ́ pa kẹ̀kẹ́ náà lára láti ọwọ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ó tún pa á láti ẹ̀yìn wá síwájú.

"Ó dára o, ọkọ mi," ló wí. "Níbo wá ni ibi tí èmi máa jókòó sí?"

Gbénró nu eruku lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. "Káríà rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ìyá àgbà. Bó bá dé, Mùkáílà á so ó mọ́ ọn."

"Ọlọ́run á mú un dé," ni ìyá àgbà wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Zachariah wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo yàn án," ni gbogbo ohun tó sọ.

Níbẹ̀rẹ̀, ayé dùn. Bí Gbénró bá ń bọ̀ ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti máa kígbe, "Tísà ti dé! Tísà ti dé!" Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìdèrè á yí kẹ̀kẹ́ náà ká, wọ́n á máa fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n òjò àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì di ẹrẹ̀. Kò sí irin tó bo táyà, nítorí náà gbogbo ẹrẹ̀ tí táyà bá gbá sókè, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tísà ló ń bọ́ sí. Ó fa ìlà pupa kan láti ìdí dé ọrùn rẹ̀. Nígbà tó kọjú sí pátákó tó fẹ́ kọ̀wé, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní tísà ń hu ìrù. Òkúta ọ̀nà náà kò jẹ́ kí táyà tín-ín-rín sinmi. Òní á jò, ọ̀la á jò. Bó ṣe jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó lè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ̀yìn ń dùn ún bí ti ẹni tó ro ebè láti àárọ̀.

Èyí tó burú jù ni ilé Kẹ́hìndé, ẹnìkejì ìyá àgbà. Ojú ọ̀nà gan-an ni ilé náà wà, kò sì sí bí Gbénró ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá kó má yà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Kẹ́hìndé ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà dè é. Ojú kan náà ni òun àti ìyá àgbà ní, ohùn kan náà, àní bí wọ́n ṣe ń yọ owú lára aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń ronú, ọ̀kan náà ni.

"Ṣé àbúrò mi bá ọ wá lónìí?" ni yóò bi í.

"Rárá, mà. Káríà ò tíì dé."

"Sọ fún àbúrò mi pé èmi ni mo rán an kó ṣáájú wá tọ́ ayé wò fún mi nígbà tí a fẹ́ wáyé. Kò kọ iṣẹ́ tí mo rán an nígbà náà. Kí ló wá dé tó fi ń kọ̀ ọ́ báyìí?"

Á rẹ́rìn-ín, á sì fún un ní àgbàdo sísun kó mú lọ fún ẹnìkejì rẹ̀. Gbénró ò níbi tó lè gbé e sí lórí kẹ̀kẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú dé Ìgbó-Ọrà. Bó bá délé, á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á béèrè káríà. Gbénró á tún parọ́ mìíràn. Irọ́ àkọ́kọ́ ti bímọ, ọmọ rẹ̀ náà sì ti ń bímọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Búrẹ́mọ̀ wá pè é, wọ́n sì jọ sá eré lọ sí ọ̀nà Èrúwà. Ó gbádùn ìrìn àjò náà. Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà délé. Ó bá ìyá àgbà níta lórí àpótí, ó ró aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó wé gèlè, ó sì gbé àpò kékeré kan lé itan.

"Ìyá àgbà, níbo lẹ ń lọ?"

"Àpèkẹ́ ló sọ pé o gbéra pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ láàárọ̀," ni ìyá àgbà dáhùn. "Mo rò pé ọ̀dọ̀ Mùkáílà lo lọ so káríà. Mo ní kí n ti múra sílẹ̀, kó o má baà dúró dè mí." Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dìde. "Kò burú, ọkọ mi. Kò tíì dé nìyẹn."

Kò bínú. Bó bá ṣe pé ó bínú ni, ì bá sàn fún Gbénró.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní Ìdèrè. Gbénró wọlé. Ó bá Kẹ́hìndé lórí ẹní, ibà ti gbé e dè, sòbìyà sì ti ń yọ lórúnkún rẹ̀. Orúnkún náà wú bí àgbọn. Obìnrin kan láàrin àwọn ìyàwó ilé ń fi aṣọ tútù nù ún lójú.

"Àjàní," ni Kẹ́hìndé pe Gbénró ní oríkì rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè. "Má sọ fún un pé ara mi ò yá. Sọ fún un kó wá."

Gbénró kò mọ bó ṣe délé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò parọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn náà. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí i. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owú lára aṣọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpótí ìyá àgbà ṣófo. Olúwayẹ́misí wo yàrá, ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pá pẹ̀lú àpò kékeré ti lọ. Gbénró fò sórí kẹ̀kẹ́. Kété tó jáde kúrò nínú ìlú, ní ojú ọ̀nà Ìdèrè, ó rí ìyá àgbà tó jókòó lábẹ́ igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó na ẹsẹ̀ gígan náà síwájú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo fẹ́ sinmi díẹ̀ ni," ló wí. "Mo máa débẹ̀."

"Ẹ ò lè débẹ̀, ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín."

Kò sí ibi tó lè gbé e sí. Ó gbé e jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí irin àárín kẹ̀kẹ́, níwájú ara rẹ̀, ó ní kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ọwọ́ tó ká bí ìwo àgbò náà kò ṣé dì mú fún ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Táyà tín-ín-rín bọ́ sínú kòtò òjò, àwọn méjèèjì sì lulẹ̀ gbì.

"Yéè!"

Ìgúnpá ìyá àgbà bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Gèlè rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Gbénró kúnlẹ̀ tì í, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń nu ẹ̀jẹ̀ náà.

"Ẹ má bínú, ìyá àgbà. Ẹ má bínú. Kò sí káríà kankan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mo parọ́ ni. Mùkáílà ti sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kẹ̀kẹ́ yìí ò lè gbé yín. Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó lè gbé yín, mo gùn ún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Torí pé wọ́n ní kẹ̀kẹ́ obìnrin ni, ojú tì mí."

"Ojú tì ọ́," ni ìyá àgbà wí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé mi dìde. Ẹkún ò lè gbé mi délé."

Gbénró gbé kẹ̀kẹ́ pupa sínú koríko, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pọn ìyá àgbà. Ó pọ̀n ọ́n la ọjà kọjá, ó pọ̀n ọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ kọjá, títí ó fi délé.

Zachariah ti gbọ́ kó tó ti oko dé. Ó ń wo ìyá rẹ̀ bí Àpèkẹ́ ṣe ń fi epo ra ìgúnpá rẹ̀. Gbénró dọ̀bálẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Ó ń retí kí bàbá òun na òun lẹ́gba tàbí kó bú òun. Ìbéèrè ló bi í.

"Nígbà tí o pọn ìyá mi la ìlú kọjá, ta ló fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

Gbénró gbé orí sókè. "Kò sẹ́ni kankan, Bàbá. Wọ́n ń kí wa ni. Àwọn kan ń ṣàdúrà fún mi."

"Ìwọ náà ò ní irin àárín lára, o kúkú gbé e," ni Zachariah wí. "Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá mi ti dàgbà, Gbénró. Kò ní wàrà mìíràn mọ́. Ẹ̀rín Búrẹ́mọ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìwọ wá torí rẹ̀ fi ìyá mi sílẹ̀ lórí àpótí láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Dìde. Ibi tí o ti ṣì í ni kí o ti lọ tún un ṣe."

Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà. "Kò sẹ́ni tó rà á," ni Mùkáílà wí. "Àwọn ọkùnrin ní ti obìnrin ni, àwọn obìnrin ní àwọn ò mọ̀ ọ́n gùn." Ó yẹ kẹ̀kẹ́ pupa tí Gbénró ti lọ gbé nínú koríko, tó sì tì dé, wò, ó fọwọ́ kan ibi tí irin rẹ̀ ti tẹ̀, ó fọwọ́ kan táyà tí wọ́n ti lẹ̀ káàkiri, ó sì mi orí. "N ò lè gba èyí ní pààrọ̀ lásán, ọmọ Zachariah. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe."

"Mo ní oko ẹ̀gẹ́ kan tí koríko ti bò. Títí tí ọyẹ́ yóò fi dé, èmi ni mo ni gbogbo àárọ̀ Sátidé rẹ."

"Mo gbà, sà," ni Gbénró wí. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló tẹ́ aṣọ sórí káríà, ó sì gbé ìyá àgbà jókòó sí i. Ìyá àgbà na ẹsẹ̀ gígan rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbá Gbénró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mú. Kẹ̀kẹ́ gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́.

Búrẹ́mọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí ìdí odán. Gbénró kò yà sí ọ̀nà mìíràn.

"Áà, ẹ wò ó!" ni Búrẹ́mọ̀ kígbe. "Tísà! Kẹ̀kẹ́ ìyàwó ta lo gùn yẹn?"

Kí Gbénró tó lanu, ìyá àgbà ti dáhùn láti ẹ̀yìn. "Tèmi ni, Búrẹ́mọ̀! Èmi ni mo ni kẹ̀kẹ́, èmi ni mo ni awakọ̀. Ìwọ ńkọ́? Ìyá ta ni ìwọ gbé sẹ́yìn tìrẹ?"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀ ní ìdí odán. Lọ́tẹ̀ yìí, Búrẹ́mọ̀ ni wọ́n ń rín. Òun náà fi ọwọ́ ha orí, ó sì wò sílẹ̀. Hàlímọ̀ tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà juwọ́ sí wọn. "Ẹ kú ìrìn o, ìyá! Gbénró, o ṣeun!" Gbénró tẹ agogo kẹ̀kẹ́ náà ní ìdáhùn. Ó yà á lẹ́nu pé ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé Ìdèrè, ó gbé ìyá àgbà wọlé dé ibi ẹní. Kẹ́hìndé la ojú. Kò sẹ́ni tó kígbe, kò sẹ́ni tó sunkún. Táíwò rọra fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹní, ó gbé orí ẹnìkejì rẹ̀ lé itan.

"O pẹ́ o," ni Kẹ́hìndé wí.

"Ọ̀nà ni," ni Táíwò dáhùn. "Gbé ẹsẹ̀ yẹn wá kí n wò ó. Èmi ni mo mọ ohun tó ń dùn ọ́."

Ìyá àgbà kò padà sílé lọ́jọ́ náà, kò sì padà lọ́jọ́ kejì. Ó dúró ní Ìdèrè, ó ń fi epo àti ewé di orúnkún ẹnìkejì rẹ̀, ó ń bá a lé ibà, ó ń fi ẹ̀kọ mímu bọ́ ọ bí ọmọ jòjòló. Bí Gbénró bá yà níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ìta ni yóò ti máa gbọ́ ohùn kan náà tó ń bá ara rẹ̀ jiyàn, ẹ̀rín kan náà tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ báyìí, ẹ̀yìn kò dùn ún mọ́, kì í sì í pẹ́ dé iṣẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé, á mú ọkọ́ lọ sí oko Mùkáílà. Nígbà tó bá di ọ̀sán, á gbé Àpèkẹ́ lọ sọ́jà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Olúwayẹ́misí á gun káríà, á máa kọrin kiri ìlú.

Àwọn kan ṣì ń pè é ní "tísà oníkẹ̀kẹ́ obìnrin." Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í bínú sí i, ó sú wọn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí Kérésìmesì sì ku fẹ́ẹ́fẹ́, orúnkún Kẹ́hìndé ti jinná. Ó ní kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé àbúrò òun padà sí Ìgbó-Ọrà kí òun má tẹ̀ lé e. Gbénró gbé ìkan lọ, ó padà wá gbé ìkejì. Nígbà tó gbé Kẹ́hìndé délé, gbogbo àdúgbò ti jáde, Zachariah sì ti gbé àpótí méjì kalẹ̀ síwájú ilé.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Gbénró ti di ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn ọ̀dọ́ a máa wá bá a fún ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ àti ọ̀rẹ́ tí wọn yóò yàn. Ohun kan náà ló máa ń sọ fún wọn. Bí o bá fẹ́ yan nǹkan, má ṣe bi àwọn tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pé ṣé ó yẹ ọ́. Wọn ò ní bá ọ gùn ún. Bi ara rẹ léèrè pé kí ni o fẹ́ fi ṣe, àti pé àwọn wo ló gbọ́kàn lé ọ. Bí o bá sì ti ṣì í yàn, tètè sọ òtítọ́, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ tún un ṣe nígbà tí àwọn tó ń dúró dè ọ́ ṣì wà láyé. Ìtìjú kì í pẹ́ lójú ẹni tó bá ń ṣe ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n oore tí a kò ṣe fún ẹni ẹni lásìkò, ọgọ́rùn-ún kẹ̀kẹ́ kò lè sáré bá a mọ́.